Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ẹ̀tọ́ Àwọn Àwùjọ Kéékèèké Níwájú Òfin ní Ìbàdàn

Àwọn wo gan-an ni àwùjọ kéékèèké ní Ìbàdàn?

Ọ̀rọ̀ náà ju ti ẹ̀yà lọ. Hausa tí wọ́n bí sí Sábó, Ìgbò tó ń tajà ní Àgbéni, Fúlàní tó ń kó màlúù wá sí ọjà Akínyẹlé, Tíífù àti Ìdọ̀mà tó ń ṣiṣẹ́ oko lẹ́yìn ìlú, àti Ẹ̀gùn tó ti orílẹ̀-èdè Benin wá, gbogbo wọn ló kéré níye láàárín Yorùbá tó kún ìlú. Ṣùgbọ́n adití, afọ́jú, arọ, ẹni tí àrùn ẹ̀tẹ̀ ti bá jà rí, àti ẹni tó ń bọ òrìṣà láàárín Mùsùlùmí àti Kìrìstẹ́nì wà lára wọn pẹ̀lú, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí agboolé ní Ọjà'ba.

Iye ọdún tí ènìyàn ti lò ní ìlú kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí ọ̀rọ̀ náà padà. Láti 1916 ni Sábó ti wà gẹ́gẹ́ bí àdúgbò Hausa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ ni kò sì mọ ìlú mìíràn, síbẹ̀ àlejò la ṣì ń pè wọ́n.

Níbo ni ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tó wà nínú ìwé òfin ti ṣẹ̀ wá?

Ìbẹ̀rù àwọn ẹ̀yà kéékèèké ló bí i. Ní 1957, nígbà tí òmìnira ń kanlẹ̀kùn, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lábẹ́ Sir Henry Willink láti tẹ́tí sí ohun tí àwọn ẹ̀yà tí kò pọ̀ ní ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bẹ̀rù. Ìbàdàn ni olú ìlú ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, àwọn tó sì ń gbé ibi tí à ń pè ní Edo àti Delta lónìí wà lára àwọn tó ń kígbe pé Yorùbá yóò gba gbogbo nǹkan mọ́ àwọn lọ́wọ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní 1958, kò fọwọ́ sí dídá ẹkùn tuntun sílẹ̀. Ohun tó dámọ̀ràn ni pé kí a kọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú ìwé òfin, kí ẹni tó bá pọ̀ má baà lè tẹ ẹni tó kéré mọ́lẹ̀. Ẹ̀tọ́ wọ̀nyẹn wà nínú ìwé òfin òmìnira ti 1960, òun náà ló sì wà ní Orí Kẹrin ìwé òfin ọdún 1999 tí à ń lò báyìí.

Mo mẹ́nu ba ìtàn yìí nítorí pé a máa ń rí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe bí ẹni pé àánú ni àwọn ń ṣe àlejò nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ẹni tí a torí rẹ̀ kọ òfin kì í tọrọ àánú nígbà tó bá ń tọ́ka sí i.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ ní ìwé ọmọ onílùú kí n tó lè pe ẹjọ́ ní Ìbàdàn?

Rárá. Kò sí kóòtù kan tó gbọ́dọ̀ béèrè ìwé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ yín kó tó gba ẹjọ́ yín. Ìwé náà wúlò fún ipò iṣẹ́ ìjọba àti àǹfààní ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà kóòtù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ ni òfin ń wò: bí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ yín lójú ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni abala 46 ìwé òfin 1999 ní kí ẹ ti pe ẹjọ́, ì báà jẹ́ Kánò tàbí Ẹnúgu ni bàbá yín ti wá.

Kóòtù wo ni kí n gbé ọ̀rọ̀ mi lọ?

Ó dá lórí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀, ọmọ títọ́jú lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀, ogún àti ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àṣà, kóòtù ìbílẹ̀ ló ni wọ́n, ti Mápó sì ni èyí tí ará Ìbàdàn mọ̀ jù. Ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe ní rẹ́jísírì kò sí lábẹ́ agbára kóòtù ìbílẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga nìkan ló lè tú u ká. Èyí ń da ọ̀pọ̀ tọkọtaya láàmú, nítorí pé wọ́n á ti ná owó tán ní kóòtù ìbílẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ pé ibi tí wọ́n wá kì í ṣe ibẹ̀.

Ẹ̀sùn ọ̀daràn kéékèèké ń lọ sí kóòtù Májísíréètì, irú èyí tó wà ní Ìyágankú. Ìtẹ̀lójú ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, bí ìfìyàjẹni ní àgọ́ ọlọ́pàá tàbí àhámọ́ tó ti pẹ́ jù, ń lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga tààrà. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ọ̀gá àti òṣìṣẹ́, National Industrial Court ni yóò gbọ́ ọ.

N kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ ní kóòtù. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ sọ ọ́ sókè, kí ẹ sì sọ ọ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní gan-an. Nínú gbogbo ohun tó wà lójú ewé yìí, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù. Abala 36(6) fún ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní ẹ̀tọ́ méjì lórí èdè: pé kí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀sùn náà fún un kíákíá ní èdè tó yé e, àti pé kí wọ́n fún un ní ògbufọ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ State v. Gwonto tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ní 1983, àwọn adájọ́ fi yé gbogbo ènìyàn pé ẹni tó ní agbẹjọ́rò, tí kò sì béèrè ògbufọ̀ nígbà tí ìgbẹ́jọ́ ń lọ lọ́wọ́, kò lè wá fi àìgbédè ṣe àwíjàre nígbà tó bá dé kóòtù kòtẹ́milọ́rùn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ìbàdàn sì ní ìdẹkùn tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní kóòtù Májísíréètì àti Ilé Ẹjọ́ Gíga, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, akọ̀wé kóòtù a sì máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá nígbà mìíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi olùjẹ́jọ́ bóyá ó gbọ́ Yorùbá. Ní kóòtù ìbílẹ̀ ẹ̀wẹ̀, Yorùbá ni èdè tó gbilẹ̀. Hausa tàbí Tíífù tó mọ Yorùbá ọjà, tó lè ná ata, tó lè bá ọlọ́kadà dúnàádúrà, lè rò pé èdè náà ti yé òun tó. Ṣùgbọ́n èdè tí a fi ń nájà yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí agbẹjọ́rò fi ń da ìbéèrè bo ẹlẹ́rìí. Bí ìyèméjì bá wà lọ́kàn yín, ẹ béèrè ògbufọ̀, kí ẹ má tijú.

Àgọ́ ọlọ́pàá ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń bàjẹ́, kó tó di pé ó dé iwájú adájọ́. Òfin tó ń darí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà sì ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, sọ pé bí afurasí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ ni kó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kó kà á padà sí i létí títí yóò fi yé e, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Ògbufọ̀ yẹn kan náà gbọ́dọ̀ wá jẹ́rìí ní kóòtù. Bí kò bá wá, agbọ́sọ ni ìwé náà, agbẹjọ́rò yín sì lè ní kí adájọ́ má gbà á. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí wọn kò kà fún yín ní èdè tí ẹ gbọ́, kódà bí wọ́n bá ní òru ti ń lọ.

Ní ti ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, bí gbèsè tàbí ilẹ̀, abala 36(6) kò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n abala 36(1) ní kí wọ́n gbọ́ tẹnu oníkálùkù bó ti tọ́. Èdè tí kò yé ènìyàn kò lè jẹ́ gbígbọ́ tó tọ́, ó sì bójú mu láti béèrè ògbufọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú.

N kò ní owó agbẹjọ́rò. Ta ló lè gbà mí?

Àjọ Legal Aid Council ni ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Láti 1976 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, òfin tó sì ń darí rẹ̀ báyìí ni ti ọdún 2011. Wọ́n ń dúró fún ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, wọ́n ń gbani nímọ̀ràn lórí ẹjọ́ mìíràn, wọ́n sì ń bá ènìyàn pe ẹjọ́ bí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú. Ìlànà wọn ni pé kí owó tó ń wọlé fún ẹni náà má ju iye owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí, èyí tó di 70,000 náírà ní 2024. Àyè sì wà fún wọn láti ran ẹni tí tirẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ bí ọ̀rọ̀ náà bá le. Aláàárù tàbí ẹni tó ń ta àlùbọ́sà ní Bódìjà kò ní ìwé owó oṣù tí yóò fi hàn, nítorí náà kí ó ṣàlàyé iye tó ń rí bó ti rí, láìfi kún un, láìyọ kúrò níbẹ̀.

Fún àwọn obìnrin, Women's Law Clinic ti wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin Yunifásítì Ìbàdàn láti 2007, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúyẹ́misí Bámgbóṣé dá a sílẹ̀. Ẹgbẹ́ FIDA, tí í ṣe ti àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, àti ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò NBA ẹ̀ka Ìbàdàn, ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gba ẹjọ́ láìgbowó. Bó bá jẹ́ pé ìjọba tàbí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni ẹ fẹ́ fẹjọ́ sùn, National Human Rights Commission àti Public Complaints Commission kò gba owó, ẹ kò sì nílò agbẹjọ́rò láti kọ̀wé sí wọn.

Ẹ fi sọ́kàn pé agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ kò sọ pé ẹjọ́ di ọ̀fẹ́. Owó ọkọ̀ wà, owó ìwé wà, ọjà tí ẹ kò tà lọ́jọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú sì wà. Ìlànà Ilé Ẹjọ́ Gíga gba aláìní láàyè láti bẹ adájọ́ kí wọ́n yọ owó ìwé kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ẹ ní kí agbẹjọ́rò yín béèrè fún un, nítorí pé kóòtù kì í fúnra rẹ̀ fi lọni.

Ọlọ́pàá mú ènìyàn mi. Ìgbà wo ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí kóòtù?

Abala 35 là á sílẹ̀. Bí kóòtù tó lágbára lórí ẹ̀sùn náà bá wà láàárín 40 kìlómítà sí ibi tí wọ́n ti mú un, ọjọ́ kan ni wọ́n ní. Inú Ìbàdàn, tí kóòtù wà káàkiri, kò sí àgọ́ ọlọ́pàá kan tó lè sọ pé kóòtù jìnnà sí òun. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ fún ẹni náà ní ìwé tó sọ ìdí tí wọ́n fi mú un, ní èdè tó gbọ́. Ó sì ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi rí agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíràn tó fọkàn tán.

Bí wọ́n bá mú un láìtọ́, abala kan náà ní kí wọ́n san owó gbà-máà-bínú fún un, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì ní gbangba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ pé àforíjì wà nínú òfin.

Ṣé òótọ́ ni pé ọ̀fẹ́ ni béèlì? Kí sì ni kí n ṣe bí n kò bá ní oníduúró?

Òótọ́ ni, ọlọ́pàá fúnra wọn ló sì kọ ọ́ sára ògiri. Owó tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó tú ènìyàn sílẹ̀ kì í ṣe owó òfin. Mo mọ̀ pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní àhámọ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kò ráyè fún àríyànjiyàn. Bí ẹ bá tilẹ̀ san án, ẹ kọ orúkọ òṣìṣẹ́ náà, ọjọ́, wákàtí àti iye owó sílẹ̀, kí ẹ lè rí nǹkan sọ lẹ́yìn náà.

Oníduúró ni ìṣòro tó le jù fún àlejò. Adájọ́ lè ní kí oníduúró jẹ́ ẹni tó ní ilé tàbí ilẹ̀ ní ìlú, tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti dé ìpele kan. Ẹni tó dé láti Bẹ́núé ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn láti wá ṣiṣẹ́ oko, ibo ni yóò ti rí onílé tí yóò fi ìwé ilẹ̀ dúró fún un? Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí adájọ́ ti gba béèlì rẹ̀ ṣe ń wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, lórí ẹ̀sùn tí kì bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó lo ìjìyà rẹ̀ tán ká ní wọ́n ti dá a lẹ́bi. Òfin sọ pé kí ìlànà béèlì má le ju bó ti yẹ lọ, nítorí náà agbẹjọ́rò lè padà sọ́dọ̀ adájọ́ náà kó bẹ̀ ẹ́ láti dín in kù, tàbí kó gba Ilé Ẹjọ́ Gíga lọ. Ohun tó máa ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ fi ẹlòmíràn tó ní gbòǹgbò ní ìlú rọ́pò onílẹ̀: olórí àwùjọ yín, ìmáàmù tàbí pásítọ̀, tàbí ìyálọ́jà tó mọ̀ yín. Wọn kò sì lè kọ oníduúró nítorí pé obìnrin ni. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015 sọ bẹ́ẹ̀ ní kedere.

Ìmọ̀ràn mi fún àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ti Tíífù, ti Ìgbò, ti Ẹ̀gùn, ni pé kí wọ́n ti ní orúkọ oníduúró mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ kí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ tó lè dá owó òkú lè dá oníduúró.

Wọ́n mú ìyàwó mi nítorí pé wọn kò bá mi nílé. Ṣé ó bófin mu?

Kò bófin mu. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò gbà kí wọ́n mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ ìyàwó, ìyá tàbí àbúrò. Òfin kan náà kò gbà kí wọ́n mú ènìyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó bàjẹ́ lásán, bí ẹni tó jẹ owó ìrẹsì lọ́jà. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó, kóòtù ni kó lọ.

Adití ni mí. Báwo ni mo ṣe lè jẹ́rìí?

Òfin ẹ̀rí ọdún 2011, ní abala 176, gbà kí ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ fi ìwé tàbí àmì ọwọ́ jẹ́rìí ní gbangba kóòtù, ẹ̀rí náà sì dúró bí ẹ̀rí ẹnu. Ìbàdàn kò yẹ kó ṣaláìní ògbufọ̀ adití, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ adití wà níbí, Yunifásítì Ìbàdàn sì ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àmì ọwọ́ tí adití tí kò lọ ilé-ẹ̀kọ́ ń bá ìyá rẹ̀ sọ nínú ilé kì í ṣe èyí tí ògbufọ̀ kọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ìbátan kan tí kò lọ́wọ́ nínú ẹjọ́ náà ti ògbufọ̀ lẹ́yìn.

Òfin tó lòdì sí yíya àwọn tó ní ìpèníjà ara sọ́tọ̀, èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún ti pé láti 2024. Òfin náà tún ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá wọn lóhùn níbi tí èrò bá ti tò. Bí yàrá tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ bá wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí agbẹjọ́rò kọ̀wé ṣáájú ọjọ́ ẹjọ́ pé kí wọ́n gbé e sí yàrá ìsàlẹ̀. Kò yẹ kí wọ́n máa gbé àgbàlagbà pọ̀n gun àtẹ̀gùn kóòtù.

Oníṣẹ̀ṣe ni mí. Ṣé dandan ni kí n fi Bíbélì tàbí Kùránì búra?

Kì í ṣe dandan. Ẹ lè fi irin búra lórúkọ Ògún, kóòtù sì mọ ìlànà náà dáadáa. Ẹni tí kò fẹ́ búra rárá lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán jẹ́jẹ̀ẹ́ láti sọ òtítọ́, ìwúwo kan náà ni òfin fún un, bẹ́ẹ̀ sì ni ìjìyà kan náà wà bó bá purọ́.

Ṣé Sarkin Hausawa, Eze Ndigbo tàbí ìgbìmọ̀ Ṣàríà lè dá ẹjọ́ wa?

Wọ́n lè parí ìjà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe kóòtù. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò ní kóòtù kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abala 275 fàyè gba ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ ẹ. Ìgbìmọ̀ Ṣàríà aládàáni tó ń jókòó ní mọ́ṣáláṣí àpapọ̀ Ọjà'ba ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ogún fún ẹni tó bá fúnra rẹ̀ gbé e wá. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀: kì í pẹ́, kì í náni lówó, èdè tó yé ènìyàn ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ẹ kọ àdéhùn tí ẹ bá ṣe níbẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ sí i níṣojú ẹlẹ́rìí.

Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́. Èkíní, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn ṣì lè lọ sí kóòtù, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ halẹ̀ mọ́ ọn nítorí rẹ̀. Èkejì, ìfipábánilòpọ̀, lílu ènìyàn ní àlùṣeṣe àti ìpànìyàn kì í ṣe ohun tí àwọn àgbà lè fi bẹ̀bẹ̀ parí ní ìkọ̀kọ̀. Ẹnu àwọn olórí máa ń dùn pé àwọn kò fẹ́ kí orúkọ ẹ̀yà àwọn bàjẹ́ níwájú Yorùbá; ọmọbìnrin tí wọ́n ṣe é sí ló ń ru ẹrù ìtìjú náà.

Àṣà wa ní obìnrin kò gbọdọ̀ jogún. Ìbàdàn ni bàbá mi kú sí. Kí ni òfin wí?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, nínú ẹjọ́ Ukeje v. Ukeje, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé àṣà Ìgbò tí kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin pín nínú ogún bàbá rẹ̀ lòdì sí abala 42, kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìlú tí olóògbé kú sí kò yí ìyẹn padà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní àwùjọ kékeré, ìwé òfin tó ń gbà yín lọ́wọ́ ẹni tó pọ̀ jù yín lọ náà ló ń gba obìnrin inú ilé yín lọ́wọ́ yín.

Onílé kọ̀ láti fún mi ní yàrá nítorí pé Ìgbò ni mí. Ṣé mo lè pè é lẹ́jọ́?

Ìbéèrè yìí le, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín. Abala 42 kọ̀ kí wọ́n ya ènìyàn sọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́, òfin àti ìṣe ìjọba ni ó ń dè lọ́wọ́. Onílé aládàáni tó ní òun kò fẹ́ Ìgbò, Hausa tàbí ẹni tó ń bọ òrìṣà kò sí lábẹ́ rẹ̀ ní tààrà, ẹjọ́ tí ẹ bá pè é yóò sì ṣòro láti jẹ. Àlàfo nìyí nínú òfin wa, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló sì lè dí i.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ bí ẹ bá ti wọlé. Láti ọjọ́ tí ẹ ti di ayálégbé, onílé kò lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ yín tàbí kó yọ òrùlé láìfún yín ní ìwé ìkìlọ̀ àti láìgba àṣẹ kóòtù. Ọ̀rọ̀ sì tún yàtọ̀ bó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba ló ní kí ẹ̀yà yín má ṣe gba ṣọ́ọ̀bù ní ọjà ìjọba: ìyẹn wà lábẹ́ abala 42 gan-an. Ní ti ilẹ̀ rírà, abala 43 fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti ní dúkìá níbikíbi. Ẹ ṣáà rí i pé olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí ló fọwọ́ sí ìwé náà, nítorí pé ilẹ̀ ẹbí tí olórí ẹbí kò lọ́wọ́ nínú títà rẹ̀, òfo ni.

Ọmọ Togo ni mí. Ṣé àwọn ẹ̀tọ́ yìí kàn mí?

Díẹ̀ nínú wọn kò kàn yín, ọ̀pọ̀ kàn yín. Abala 41, 42 àti 43 sọ̀rọ̀ nípa ọmọ Nàìjíríà nìkan. Ṣùgbọ́n abala 35 àti 36 sọ pé ẹnikẹ́ni, nítorí náà gbèdéke ọjọ́ kan láti gbé yín dé kóòtù, ògbufọ̀, agbẹjọ́rò àti ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ jẹ́ tiyín pẹ̀lú. Àdéhùn Vienna ti 1963 tún ní kí wọ́n sọ fún yín pé ẹ lè ránṣẹ́ sí aṣojú orílẹ̀-èdè yín bí wọ́n bá fi yín sí àhámọ́.

Ibi tí abala 42 kò ti kan àjèjì, ìwé àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Áfíríkà lè bá yín dí àlàfo náà. Nàìjíríà sọ ọ́ di òfin ilẹ̀ yìí ní oṣù kẹta ọdún 1983, ìwé àdéhùn náà sì kọ̀ kí wọ́n ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ nítorí orílẹ̀-èdè tó ti wá, ó sì kọ̀ kí wọ́n lé àjèjì lọ́pọ̀ rẹpẹtẹ. Oṣù méjì péré ṣáájú ni ìjọba kan náà ti pàṣẹ pé kí àwọn ará Ghana àti àwọn aládùúgbò wa mìíràn kó jáde, àṣẹ tó sọ àpò ẹrù di Ghana Must Go. Bí kóòtù ilẹ̀ yìí kò bá gbà yín, kóòtù ECOWAS tó wà ní Àbújá ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn láti ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan láti 2005, kò sì pọn dandan kí ẹ ti gba gbogbo kóòtù Nàìjíríà kọjá.

Nígbà tí ìjà ẹ̀yà bá bẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n sun ṣọ́ọ̀bù wa, ta ni kí a pè lẹ́jọ́?

Ní oṣù kejì ọdún 2021, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Hausa ní ọjà Ṣáṣá, ẹ̀mí lọ, ilé àti ṣọ́ọ̀bù sì jóná ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ẹni tó dáná lè má ṣeé mọ̀, ẹni tí a sì mọ̀ lè má ní kọ́bọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò máa ń gbìyànjú ni láti fi hàn pé ìjọba àti ọlọ́pàá gbọ́ ìkìlọ̀ tí wọn kò sì ṣe nǹkan kan, kí wọ́n sì pe ẹjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ìtẹ̀lójú ẹ̀tọ́.

Ìlànà pípe ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ọdún 2009 mú kí ó rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹnì kan tàbí ẹgbẹ́ kan lè pe ẹjọ́ fún gbogbo àwùjọ, adájọ́ kò sì gbọdọ̀ lé e jáde nítorí pé kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ló jóná. Ìlànà náà ní kí wọ́n fi ẹjọ́ sí ọjọ́ tí kò ju ọjọ́ méje lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé ìwé sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ni ẹni tó bá mọ kóòtù wa yóò fi èyí rín. Kò sí gbèdéke ọdún fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹjọ́ mìíràn ni ẹ fẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba lórí ohun tó ṣe lẹ́nu iṣẹ́, oṣù mẹ́ta ni òfin tó ń dáàbò bò wọ́n fún yín, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ìpàdé àlàáfíà gba gbogbo àkókò náà lọ́wọ́ yín. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni kí ẹ ti ya fọ́tò ohun tó jóná, kí ẹ kọ orúkọ onísọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan àti iye ọjà inú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé pé ẹ ti fi tó ọlọ́pàá létí.